Ọmú Kì í Ṣe ti Obìnrin Nìkan: Èrò lórí Orúkọ Àrùn Jẹjẹrẹ

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ju bí ó ti kan baba ọmọ lọ. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè dàgbà kí ó pa á dà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi pe àrùn lè ti ṣi aláìsàn lọ́nà fún ọdún pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí ó gbọ́ nínú rẹ̀.

Orúkọ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń túmọ̀ ìwé ìlera, fún àrùn kan ṣoṣo. Àwọn kan ń pè é ní jẹjẹrẹ ọyàn, àwọn kan ń pè é ní jẹjẹrẹ ọmú, àwọn mìíràn sì ń pè é ní jẹjẹrẹ àyà. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé èyí tí ó bá wu oníkálukú ni kí ó mú. Èrò náà kò tọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí lé ọkùnrin síta, èkejì darí aláìsàn sí ẹ̀yà ara mìíràn, ẹ̀kẹta nìkan ni ó lè gba tọkùnrin tobìnrin. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí sì fẹ́ fi hàn ni pé yíyàn láàrin wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

1. Ohun tí àrùn náà jẹ́ àti ẹni tí ó ń mú

Ara ènìyàn kún fún àwọn ẹyọ tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì a máa pín sí méjì, a sì máa kú nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé, kí òmíràn lè bọ́ sí ipò rẹ̀. Nígbà tí ètò yìí bá dàrú nínú sẹ́ẹ̀lì kan, tí ó ń pín ṣáá láìdúró, tí kò sì kú nígbà tí ó yẹ, àwọn tí ó ti ara rẹ̀ jáde a kóra jọ di kókó. Bí kókó náà bá dúró sí ojú kan tí kò ya wọ inú ẹran ara tí ó yí i ká, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí ó bá ń ya wọ inú ẹran ara mìíràn, tí ó sì lè gba ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tàbí ti omi ara dé abíyá, egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ, jẹjẹrẹ ni.

Tọkùnrin tobìnrin ni a bí pẹ̀lú ọmú. Kí ọmọ tó bàlágà, ohun tí ó wà lábẹ́ orí ọmú ọmọkùnrin kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọbìnrin: ọ̀nà omi wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni, pẹ̀lú ọ̀rá. Nígbà ìbàlágà ni họ́mónù tí a ń pè ní ẹ́sítírójìn ń mú kí ti ọmọbìnrin dàgbà, kí ó sì pèsè ibi tí wàrà yóò ti máa wá. Ti ọmọkùnrin a sì dúró bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n dídúró kì í ṣe àìsí. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà níbẹ̀, ètò wọn lè dàrú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, obìnrin mílíọ̀nù 2.3 ni a rí àrùn yìí lára wọn káàkiri ayé, ó sì pa 670,000 ènìyàn ní ọdún náà. Àjọ yìí kan náà sọ pé ti ọkùnrin wà láàrin ìdajì ìdá kan sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ìdá kan bá kéré lójú rẹ̀ lè ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀: ìdajì ìdá kan péré nínú iye ọdún 2022 lé ní 11,000 ènìyàn.

Àwọn ọkùnrin tí ó gbà kí ayé mọ̀ pé àrùn náà mú àwọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ní Amẹ́ríkà, Edward Brooke, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí àwọn ará ìpínlẹ̀ Massachusetts dìbò yàn sí ilé aṣòfin àgbà ní 1966, ní àrùn yìí ní 2002. A gé ọmú rẹ̀ méjèèjì, ó sì wà láyé títí di 2015. A rí i lára Richard Roundtree, òṣèré fíìmù, ní 1993. Ọgbọ̀n ọdún ni ó tún lò lẹ́yìn náà. Ní 2019, Mathew Knowles, baba olórin obìnrin tí ń jẹ́ Beyoncé, kéde pé òun náà ní i, àti pé ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó tí òun rí lára ẹ̀wù òun ni ó gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí ó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé wọ́n gbà pé ohun tí ń ṣe wọ́n lè ṣe ọkùnrin.

2. Ọyàn, ọmú àti àyà

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò, a ó rí i pé ibi tí a ń lo ọ̀rọ̀ ni ó ń fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Ọyàn ni ìyá ń fún ọmọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọyàn, ìyá àti ọmọ ọwọ́ ni ọkàn rẹ̀ lọ bá. Nítorí náà, bí a bá kọ jẹjẹrẹ ọyàn sára ògiri ilé ìwòsàn, àgbẹ̀ tí ó wá gba oògùn ibà yóò kà á kọjá gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò kàn án. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí èdè rẹ̀ sọ fún un ni ó gbọ́.

Òtítọ́ ni pé a ń lo ọmú náà fún ti ọmọ, nítorí a ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n ọmú ní àǹfààní kan tí ọyàn kò ní: orí ọmú. Ọkùnrin ní orí ọmú, òbúkọ pàápàá ní i. A lè sọ pé èéwo yọ sí ẹ̀bá orí ọmú baba àgbàlagbà kan, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín; bí a bá sọ pé èéwo yọ sí ọyàn rẹ̀, a ti sọ ọ́ di obìnrin. Ibi tí èdè fúnra rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọkùnrin ni èyí. Kí onítumọ̀ wọlé níbẹ̀.

Àyà ni àwọn kan yàn nítorí ọ̀wọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò le létí, a sì lè sọ ọ́ níwájú àna. Àwọn mìíràn yàn án nítorí ọkùnrin gan-an. Knowles tí a dárúkọ lókè ti dábàá irú èyí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé kí a máa so àrùn náà mọ́ àyà bí ó bá jẹ́ ti ọkùnrin, kí ojú má baà tì wọ́n. Èrò rere ni, ó sì lè ṣiṣẹ́ ní èdè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní Yorùbá yóò mú ìṣòro méjì wá. Èkíní, àyà Yorùbá gbòòrò púpọ̀. Ẹni tí àyà ń dùn lè jẹ́ ẹni tí ń wúkọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì tàbí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ẹni tí ó gbọ́ jẹjẹrẹ àyà yóò máa retí ikọ́, kò ní fọwọ́ kan abẹ́ orí ọmú rẹ̀. Èkejì, bí a bá ní ọmú fún obìnrin àti àyà fún ọkùnrin, àrùn kan ṣoṣo ni a sọ di méjì. Àwọn àgbà sì ti parí ẹjọ́ náà tipẹ́: ohun tí ó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Ìyapa bẹ́ẹ̀ léwu fún ìdí mìíràn tí ó kan ìran. Láàrin 1994 àti 1995 ni àwọn onímọ̀ rí àwọn gíìnì méjì tí a ń pè ní BRCA1 àti BRCA2. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní àbùkù, ó ń mú kí àrùn yìí tètè mú ènìyàn, ti BRCA2 sì ni ó wọ́pọ̀ jù lára ọkùnrin. Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tí ó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980 tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ipa àwọn gíìnì wọ̀nyí lára àwọn obìnrin ilẹ̀ wa. Gíìnì kì í wo ìyá nìkan. Baba lè jogún rẹ̀, kí ó má ṣàìsàn rárá, kí ó sì fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìdílé tí ó bá gbà pé àrùn obìnrin ni yóò bi ẹbí ìyá nìkan léèrè. Kò ní rántí bi àwọn àbúrò baba léèrè.

3. Jẹjẹrẹ: orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ ọ gbọ́ jẹ nínú rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó wá sí ọkàn rẹ̀ ni egbò tí ń jẹ ẹran ara, tí ń rùn, tí kò jinná. Àwòrán náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ti ìgbẹ̀yìn àrùn ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kókó kékeré ni, kì í sì í sábà dunni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí kókó ní ọmú rẹ̀ lè fi ẹ̀rí orúkọ náà dá ara rẹ̀ lójú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ: kò jẹ ẹ́, kò dùn ún, kò sí egbò. Yóò pè é ní èéwo, yóò sì máa retí kí ó pọ́n kí ó tú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àrùn yìí mú ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni kì í dé ilé ìwòsàn àfi nígbà tí ó bá ti kọjá inú ọmú. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

A lè sọ pé àwọn èdè mìíràn náà ṣe irú àṣìṣe yìí. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì ìgbà Hippocrates fún àrùn náà ni akàn, ẹran inú omi, èyí ni ó sì wọ èdè àwọn Òyìnbó. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Òyìnbó tí ó ń pe orúkọ náà lónìí kò rí akàn kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ìtumọ̀ àtijọ́ ti gbó. Jẹ tiwa kò gbó. Ojoojúmọ́ ni a ń jẹun.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Nígbà tí àrùn Éèdì dé, a pè é ní àrùn kògbóògùn. Lónìí, oògùn wà tí ó ń dá kòkòrò rẹ̀ dúró tí ẹni tí ó ní i sì ń dàgbà darúgbó, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu, ó sì ń sọ fún aláìsàn pé kò sí ohun tí ó ń lọ gbà ní ilé ìwòsàn. Orúkọ tí a fi ìbẹ̀rù sọ a máa pẹ́ ju ìbẹ̀rù náà lọ.

Ṣé kí a wá ju jẹjẹrẹ nù ni? Rárá. Ọ̀rọ̀ tí ó ti fìdí múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fà tu, kò sì yẹ. Ohun tí ó kù ni pé kí a fi àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn yí i ká, tí yóò máa sọ ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà gẹ́gẹ́ bí jẹjẹrẹ ti ń sọ ìparí rẹ̀.

4. Ìdánwò ọ̀rọ̀ ní Òkukù

Àléébù kan wà lára ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀: inú ọ́fíìsì ni a ti ń bí ọ̀rọ̀, inú ìwé ni ó sì ń kú sí. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 yè nítorí pé àwọn tí wọ́n ṣe é fún, èyí nì àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, wà nídìí rẹ̀. Èdè-ìperí ìlera ní tirẹ̀, gbogbo ìlú ni ó ni í. Ìlú ni ó sì yẹ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlú bí Òkukù yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Karin Barber gbé láàrin 1974 sí 1977, tí ó sì kó oríkì jọ fún ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1991. Ìwé náà fi yé àwọn ọ̀mọ̀wé pé àwọn obìnrin ìlú náà, tí ọ̀pọ̀ wọn kò kàwé, jẹ́ ọ̀gá nínú mímọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣe fún ẹni tí a bá fi pè. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní ọgbà kan níbẹ̀, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí a lè rán níṣẹ́ kò jìnnà. Ìbéèrè àyẹ̀wò náà kò le. Kí a lọ bá àgbàlagbà ọkùnrin ní Òkukù, òmíràn ní Ìnísà, òmíràn ní Ìkirun, kí a kúnlẹ̀ tàbí kí a dọ̀bálẹ̀, kí a sì wí pé: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá ní jẹjẹrẹ ọyàn, ibo lára ni ẹ gbọ́? Bí a bá ní jẹjẹrẹ àyà ńkọ́? Jẹjẹrẹ ọmú ńkọ́? Ṣé ó lè ṣe yín?” Kí a béèrè bákan náà lọ́wọ́ àwọn ìyá. Kí a wo ibi tí ọwọ́ wọn bá lọ. Ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ọkùnrin àti ti obìnrin bá bá dé ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ tí ó yege.

Agbègbè yìí kan náà ni odò Ọ̀tìn ti ń ṣàn, tí ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, tí Òkukù jẹ́ olú ìlú rẹ̀, fi ń jẹ́ orúkọ. Ìtàn kan nípa òrìṣà odò náà bá àwọn ọmọ Yorùbá dé Brazil, a sì ṣì ń pa á níbẹ̀: pé ọmú mẹ́rin ni Ọ̀tìn ní, pé ó fi pamọ́ fún gbogbo ayé, àti pé nígbà tí àṣírí náà tú, ìtìjú lé e débi tí ó fi di odò. Ìtìjú tí ìtàn yìí ń sọ kò tíì tán nílẹ̀. Obìnrin tí ó rí kókó ń fi pa mọ́ fún ọkọ nítorí kí a má baà gé e lọ́mú. Ti ọkùnrin wá di ìtìjú méjì: ó ń ṣàìsàn, a sì ti fi orúkọ sọ fún un pé àìsàn obìnrin ni. Ẹni tí ó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

5. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Àwọn àbá wọ̀nyí ni a gbé síwájú àwọn olùkọ́, àwọn onítumọ̀ àti àwọn onímọ̀ ìṣègùn:

(i) Kí jẹjẹrẹ ọmú jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo fún àrùn náà, lára ọkùnrin àti lára obìnrin. Kí ìwé atúmọ̀ èdè sì kọ ọ́ kedere pé ọmú jẹ́ ẹ̀yà ara tọkùnrin tobìnrin. Kí a fi ọyàn sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ, kí a sì fi àyà sílẹ̀ fún gbogbo agbègbè tí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn wà.

(ii) Kí kókó ọmú jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí a ó máa kọ́ ènìyàn, kí a tó dárúkọ jẹjẹrẹ. Kókó aláìtànkálẹ̀ ni èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kókó atànkálẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá dábàá kókó aràn nítorí pé ó kúrú, kí a rántí pé aràn inú ni etí yóò gbọ́, oògùn aràn ni aláìsàn yóò sì lọ rà.

(iii) Dókítà ń ka ìpele àrùn náà láti orí 1 dé 4. Fún ilé ẹ̀kọ́ àti rédíò, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó: ó wà nínú ọmú, ó ti dé abíyá, ó ti tàn kálẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kà á sórí, yóò sì yé e pé ìgbà àkọ́kọ́ ni ìwòsàn rọrùn jù.

(iv) Àwòrán ọmú ni kí a máa pe èyí tí a fi ẹ̀rọ yà. Ní ti gbígba díẹ̀ nínú kókó láti yẹ̀ ẹ́ wò, ìbùyẹ̀wò dára ju ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tí ó ní gé nínú. Gé ń dẹ́rù bani, abẹ́rẹ́ ni a sì sábà fi ń ṣe é. A ń bù ú wò gẹ́gẹ́ bí alásè ti ń bu ọbẹ̀ tọ́ wò.

(v) Kí a máa ka àmì àrùn náà láìyọ ọkùnrin sílẹ̀: kókó tí kò dunni, pàápàá lábẹ́ orí ọmú, orí ọmú tí ó wọnú, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ń ti orí ọmú jáde, awọ tí ó rí bí èèpo ọsàn, egbò orí ọmú tí kò jinná, kókó abíyá. Kí a sì máa fi kún un pé ọ̀pọ̀ kókó ọmú ni kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n dókítà ni ó lè sọ èyí tí ó jẹ́ àti èyí tí kò jẹ́.

Àwọn kan yóò wí pé orúkọ kò wo àrùn sàn. Pé owó, ọ̀nà jíjìn àti ìbẹ̀rù ọ̀bẹ ni ó ń dá aláìsàn dúró sílé. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Orúkọ rere kò lè san owó ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn kò tíì dé ibi tí a ti ń béèrè owó. Iṣẹ́ ìjọba ni ilé ìwòsàn, iṣẹ́ dókítà ni oògùn. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ àti onítumọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò bá wọn ṣe é. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Babs Fáfúnwá darí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá kí ó sì yé e yékéyéké. Ohun tí ó yé ọmọ ní kíláàsì ni yóò sọ fún baba rẹ̀ nílé. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá sọ fún un pé ọmú kì í ṣe ti obìnrin nìkan, ó ṣeé ṣe kí baba kan fọwọ́ kan ibi tí kò fọwọ́ kàn rí, kí ó sì tètè lọ rí dókítà.